BAC D kì í ṣe máàkì D: ìdáhùn fún olùkọ́ kan lórí ìkékúrú inú ìwé ẹ̀rí Faransé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní Abẹ́òkúta. Àbúrò ọkọ mi kàwé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì gboyè Licence ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Ó fẹ́ lọ ṣe Master ní Ìlú Ọba, wọ́n ní kó mú ìtumọ̀ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún. Faransé tó wà níbẹ̀ kò ṣòro fún mi. Ìkékúrú ló fẹ́ pa mí: CEP, BEPC, BAC D, CEG, SVT, PCT, UE, ECU, TD, CM. Ẹnì kan ní kí n kọ JSS3 sí ipò BEPC, kí n kọ WAEC sí ipò BAC, kó lè tètè yé wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, olùkọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Mo mọ̀ pé ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò gbèrò ibi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ WAEC sórí ìwé ẹni tí kò jókòó ṣe ìdánwò WAEC rí, irọ́ lẹ kọ, ẹ sì tún buwọ́ lù ú. WAEC kì í ṣe orúkọ tí a lè fi pe ìdánwò girama níbikíbi. Àjọ kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì ni ín: Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáḿbíà àti Làìbéríà. Bẹ̀nẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ yín lè béèrè nọ́ńbà ìdánwò, kó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ìwé yòókù, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń fi ìkékúrú náà sílẹ̀ bí mo ṣe bá a. Mo máa ń tú u sílẹ̀ lódindi ní Faransé. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn sọ ohun tó jẹ́, láìsọ ohun tó bá dọ́gba. Fún àpẹẹrẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tí BEPC bá yọjú, ẹ kọ: "BEPC, Brevet d'Études du Premier Cycle: certificate awarded at the end of lower secondary school in Benin." Níbi tó bá ti tún yọ lẹ́yìn ìyẹn, BEPC lásán ti tó. Fún CEP: "Certificat d'Études Primaires: primary school leaving certificate." Fún BAC: "Baccalauréat: final secondary school examination, required for entry to university." Iṣẹ́ ògbufọ̀ parí síbẹ̀.

Sísọ pé ìwé yìí bá ti Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà dọ́gba kì í ṣe iṣẹ́ yín. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìyẹn wà. Ní Ìlú Ọba, UK ENIC ni, èyí tí wọ́n ń pè ní UK NARIC títí di ọdún 2021. Ní Amẹ́ríkà, WES (World Education Services) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, ohun tí wọ́n sì ń wá nínú ìtumọ̀ yín ni orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ gan-an nílé rẹ̀. Tí ẹ bá ti pa orúkọ náà rẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ JSS3 yẹn wò, torí pé òun ló dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu. Ní Nàìjíríà, pírámárì gba ọdún mẹ́fà, JSS gba mẹ́ta, SS gba mẹ́ta. Ó di ọdún 12. Ní Bẹ̀nẹ̀, pírámárì gba ọdún mẹ́fà bákan náà: CI, CP, CE1, CE2, CM1, CM2. Àmọ́ ọdún méje ni girama tiwọn, wọ́n sì máa ń ka kíláàsì rẹ̀ sẹ́yìn ni: 6ème, 5ème, 4ème, 3ème, lẹ́yìn náà 2nde, 1ère, àti Tle, ìyẹn Terminale. Gbogbo rẹ̀ di ọdún 13. Ìparí 3ème ni wọ́n ń ṣe BEPC. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún kẹwàá nìyẹn, nígbà tí JSS3 jẹ́ ọdún kẹsàn-án. Ẹni tó bá kọ JSS3 ti yọ odidi ọdún kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tle kọjá SS3 pẹ̀lú ọdún kan.

Ìkàsẹ́yìn yìí ló ń mú kí àwọn èèyàn ṣìnà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ "Primary 6" sí ipò 6ème nítorí pé wọ́n rí ẹẹ́fà, bẹ́ẹ̀ kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama ni. Mo sì ti rí ibi tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ ti sọ "classe de 1ère" di "first grade". Ará Amẹ́ríkà tó bá kà á á rò pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé ó ku ọdún kan péré kí onítọ̀hún ṣe BAC. Ẹ fi orúkọ kíláàsì náà sílẹ̀, kí ẹ wá kà á láti iwájú: "Classe de 3ème, fourth year of secondary school", "Classe de 1ère, sixth year of secondary school". Kò sẹ́ni tí ìyẹn máa ṣì lọ́nà.

Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò yìí kò dúró sójú kan kárí ayé Faransé. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ kò sí CI. CP ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà CM2 tó jẹ́ ọdún kẹfà ní Kétu jẹ́ ọdún karùn-ún ní Paris. Àwọn ará Tógò ń pe ọdún méjì àkọ́kọ́ ní CP1 àti CP2.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, BAC D ni ẹ̀rù ẹ̀ bà mí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò tẹnu mọ́ ọn. Ojú Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó máa kà á fi ń wò ó. Lójú tiẹ̀, D jẹ́ máàkì, àti máàkì tí kò dára. Ṣùgbọ́n D yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bí ọmọ náà ṣe yege sí. "Série" ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó yàn ní girama àgbà. D ni ti àwọn tó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí pẹ̀lú ìṣirò àti físíìsì. C ni ti àwọn ọlọ́pọlọ ìṣirò àti físíìsì. A ni ti lítíréṣọ̀ àti èdè, wọ́n sì pín in sí A1 àti A2. B ń lọ sí apá ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀ àwùjọ. G2 ni ti ìṣirò owó. F ni ti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ: F3 ni ti iná mànàmáná, F4 ni ti ilé àti afárá kíkọ́.

Ẹ wá gbé ìwé wọ̀nyẹn sọdá bọ́dà wá sí Nàìjíríà, níbi tí gbogbo wa ti mọ A1 títí dé F9 lórí ìwé WAEC. Ọmọ tó ṣe série A1, tó jẹ́ pé agbára káká ló fi yege, ìwé rẹ̀ á máa kà ní "BAC A1", akọ̀wé ọ́fíìsì á sì kí i kú oríire. Ọmọ tó ṣe F4, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn ní ọdún rẹ̀, wọ́n á ní ó féèlì. Kò sí ẹni tó parọ́, kò sí ẹni tó yí ìwé. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló bọ́ sí ojú tí kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi lẹ́tà náà lẹ̀ mọ́ BAC lásán. Ẹ kọ "Baccalauréat, Series D", kí ẹ sì fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé: "The letter denotes the subject stream, not a grade." Tí ìwé náà fúnra rẹ̀ bá sọ ìtumọ̀ série náà, ẹ túmọ̀ ohun tó sọ. Tí kò bá sọ, ẹ má fi ti yín kún inú ìwé. Ìsàlẹ̀ ni àlàyé yín ń gbé, kó hàn pé ẹnu ògbufọ̀ ló ti jáde.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni ẹ máa bá "mention", ìyẹn bí ẹni náà ṣe yege sí. Níbi tí àyè bá há, wọ́n máa ń ké e kúrú sí P, AB, B, TB. P ni Passable, láti 10 sí nǹkan bíi 11,99 nínú 20. AB ni Assez Bien, ó bẹ̀rẹ̀ láti 12. B ni Bien, láti 14. TB ni Très Bien, láti 16 lọ sókè. Ẹ rí i pé ewu kan náà tún nìyí: B dà bí máàkì B, AB kò jọ nǹkan kan, TB sì ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ikọ́ ife. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìwé rẹ̀ kọ "Mention: TB"! Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ lódindi ní Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ ìwé ẹ̀rí: "Pass", "Fairly Good", "Good", "Very Good", pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Faransé náà níwájú wọn.

Ẹ má sì sọ 12 nínú 20 di 60 nínú 100. Ìṣirò náà péye, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kò péye. Àwọn olùkọ́ tó ń lo ọ̀nà Faransé kì í fúnni ní máàkì bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. 10 ni ìlà àṣeyọrí, ẹni tó bá sì dé 16 ti gba òkè pátápátá nínú mention. Ará Amẹ́ríkà á rí 60, á ní díẹ̀ ló kù kí ọmọ yìí féèlì. Ẹ fi 12/20 sílẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé "Marks are out of 20, the pass mark is 10." Àwọn oníṣirò ìfiwéra mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Ní ti àwọn iṣẹ́ tó wà lórí ìwé máàkì girama, wọn kò le. SVT ni Sciences de la Vie et de la Terre: "Life and Earth Sciences". Ẹ má pè é ní Biology nìkan, torí pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta wà nínú rẹ̀. PCT ni Physique, Chimie et Technologie. Iṣẹ́ kan ni, ẹ má pín in sí méjì. EPS ni "Physical Education and Sports". LV1 àti LV2 ni èdè àjèjì àkọ́kọ́ àti èkejì. Tí wọ́n bá kọ orúkọ èdè náà sí i, ẹ kọ ọ́. "Coef." ni "coefficient", iye ìgbà tí wọ́n sọ máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ẹ má sì fo òpó yẹn nítorí pé kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé máàkì tiwa. Níbi "Rang", ẹ lè rí "3e": ipò kẹta ni, kì í ṣe kíláàsì 3ème. Ẹ sì lè rí "2e ex", ìyẹn ex æquo, pé òun àti ẹlòmíì jọ wà ní ipò kejì.

CEG ni Collège d'Enseignement Général. Ọ̀rọ̀ "college" kò ní da ọmọ Nàìjíríà láàmú, a ní King's College l'Ékòó, girama sì ni. Àmọ́ yunifásítì ni ará Amẹ́ríkà ń gbọ́ tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní Faransé, kí ẹ kọ "public general secondary school" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun kan tó yàtọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ CEG ló ń kọ́ ọmọ dé Tle, nígbà tó jẹ́ pé ní ilẹ̀ Faransé 3ème ni collège ti ń parí, tí àwọn ọmọ á wá lọ sí lycée. Nítorí náà ẹ má kọ "lower secondary school" sí ipò CEG tí ọmọ ti ṣe BAC.

Lórí ìwé yunifásítì, CM ti yí padà. Ní pírámárì, Cours Moyen ni. Níbí, Cours Magistral ni, "lectures". TD ni travaux dirigés, "tutorials". TP ni travaux pratiques, "practicals". TPE ni travail personnel de l'étudiant, "independent study". UE ni Unité d'Enseignement, "teaching unit", ECU sì ni èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, Élément Constitutif: "component of a teaching unit". Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìtumọ̀ níbí yìí gan-an. UE ni Faransé tún ń pe Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rọ sì lè kọ "EU" sí iwájú ogójì iṣẹ́ láìbìkítà. ECU tún ni orúkọ owó tí Yúróòpù ń fi ṣe ìṣirò kí Euro tó dé.

Kírẹ́dìtì náà ń kọ́? Nínú ètò LMD, Licence–Master–Doctorat, sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ kírẹ́dìtì 30, Licence ọdún mẹ́ta sì jẹ́ 180. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 120 ni wọ́n fi ń gba bachelor's degree, ní Ìlú Ọba 360. Àwọn kan máa ń fẹ́ tún nọ́ńbà yìí ṣe kó lè bá ibi tí wọ́n ń lọ mu. Ẹ má dán an wò. 180 ni ó wà lórí ìwé, 180 ni kó wà lórí ìtumọ̀.

Licence fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé pé "first university degree, three years". Tí ẹ bá kọ "License" lásán, ìwé ìwakọ̀ ló máa wá sí ọkàn wọn. Tí ẹ bá kọ "Bachelor of Science", ẹ ti fún un ní oyè tí yunifásítì rẹ̀ kò fún un. Ọ̀rọ̀ "bachelier" ló burú jù nínú ìdílé yìí: ẹni tó ní BAC ni, ẹni tó parí girama. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "bachelor" ti sọ ọmọ girama di ẹni tó gboyè. "Holder of the Baccalauréat" ni kí ẹ kọ. Bákan náà, BAC+3 kì í ṣe BAC tó ní àlékún; ọdún mẹ́ta ní yunifásítì lẹ́yìn BAC ni.

Tí ìwé tó dé ọwọ́ yín bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ máa bá DEUG, DUEL, Maîtrise, DEA, DESS. DEUG àti DUEL jẹ́ ìwé ẹ̀rí ọdún méjì àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Maîtrise jẹ́ ọdún kẹrin, ọdún kan lẹ́yìn Licence, nítorí náà kì í ṣe Master ti òní, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. DEA, Diplôme d'Études Approfondies, ló ń ṣí ọ̀nà sí doctorat. DESS, Diplôme d'Études Supérieures Spécialisées, ń lọ sí ọ̀nà iṣẹ́. Ẹ tún wo orúkọ yunifásítì. Ṣáájú ọdún 2001, UNB ló ń jẹ́, Université Nationale du Bénin. Lẹ́yìn náà ló di UAC, Université d'Abomey-Calavi. Ẹni tó gboyè ní 1996 gba ìwé UNB. Ẹ má bá a yí i padà sí orúkọ tuntun.

Èyí ló mú mi dé orí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa béèrè kí ẹ tó túmọ̀ ìkékúrú kankan: orílẹ̀-èdè wo, ọdún wo, ilé iṣẹ́ ìjọba wo ló fún un ní ìwé yìí? Ẹ wo CAP. Lọ́wọ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, Certificat d'Aptitude Professionnelle ni. Lọ́wọ́ olùkọ́ pírámárì ní Bẹ̀nẹ̀, Certificat d'Aptitude Pédagogique ni. Lẹ́tà kan náà, iṣẹ́ méjì tí kò jọra. Orí ìwé ló máa sọ fún yín. Tí ẹ bá rí MEMP, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti pírámárì ni. MESTFP ni ti girama àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. DEC ni Direction des Examens et Concours, tó ń bójú tó CEP àti BEPC. Office du Baccalauréat ló ń ṣe BAC. CAPES ní tiẹ̀ jẹ́ ìwé olùkọ́ girama ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n S tó parí rẹ̀ kò dúró fún ọ̀rọ̀ kan náà: "Enseignement Secondaire" ni ti Bẹ̀nẹ̀, "Enseignement du Second degré" ni ti ilẹ̀ Faransé. Ẹ da èyí tó wà lórí ìwé kọ.

Ní Tógò, CEPD ni wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí pírámárì, wọ́n sì ní BAC I ní ìparí 1ère, kí BAC II tó dé ní ìparí Tle. BAC I kì í ṣe oyè yunifásítì àkọ́kọ́ o. Ẹni tó ní in nìkan kò tíì parí girama. Ní ilẹ̀ Faransé, BEPC ti di orúkọ àtijọ́, DNB ni wọ́n ń lò báyìí, Diplôme National du Brevet. Série C àti D tí àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń lò, wọ́n ti kó wọn pọ̀ sí S níbẹ̀ láti ìdánwò ọdún 1995, S fúnra rẹ̀ sì ti kógbá sílé láti 2021. Ẹni tó bá lọ ka àlàyé BAC ti ilẹ̀ Faransé lónìí kó tó wá túmọ̀ ìwé Kétu, kò ní bá ohun tó ń wá níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ìkékúrú, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkékúrú ni wọ́n ń lúgọ sí. "Session de juin 2016" kì í ṣe "session" bí a ṣe ń lò ó ní Nàìjíríà fún odidi ọdún ẹ̀kọ́. "June 2016 sitting" ni. "Ajourné" túmọ̀ sí pé kò yege. "Admissible" túmọ̀ sí pé ó yege apá kan, ó ku apá mìíràn; "Admis" ló yege pátápátá. "A passé les épreuves" kò sọ pé ó páàsì, ó kàn jókòó ṣe ìdánwò ni. Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní Faransé mọ èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. "Numéro de table" ni "candidate number", kò sí tábìlì níbẹ̀. "Président du Jury" ni "Chair of the Examination Board". "Né vers 1998" ni "born in or about 1998". Ẹ má fi ọjọ́ kankan dí i. Níbi ìbuwọ́lùwé, P.O. ni par ordre, pé ẹnì kan buwọ́ lù ú lórúkọ ọ̀gá, P.I. ni par intérim, "acting".

Ọjọ́ oṣù náà ń fẹ́ ìtọ́jú. 05/07/2016 jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, ará Amẹ́ríkà á sì kà á sí ọjọ́ keje oṣù karùn-ún. Ẹ kọ orúkọ oṣù: "5 July 2016". Kọ́má inú 12,50 ni kí ẹ sọ di àmì ìdánudúró: 12.50. Orúkọ ẹni ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe ọmọ Yorùbá tó bá rí "Adéchina" tàbí "Olouwachégoun" lórí ìwé ọmọ Kétu. Ọwọ́ á máa yún un láti tún un kọ bí tiwa. Ẹ fi sílẹ̀. Bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nìyẹn, ohun tí wọ́n sì máa fi wé ìtumọ̀ yín nìyẹn.

Ẹ máa rántí pé ojú tí wọ́n fi ń wo ìwé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé oyè ní Kùtọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé oyè láti orílẹ̀-èdè méjèèjì wò dúró. Àwọn tó kàwé tọkàntọkàn ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ìtumọ̀ tí wọ́n ti kọ JSS3, WAEC àti Bachelor káàkiri inú rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n ka ẹni tó ní ìwé òótọ́ mọ́ àwọn oníwàyó.

Ní ìparí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣẹ Ìlú Ọba ń fẹ́ kí ògbufọ̀ kọ ọ́ pé ìtumọ̀ náà péye, kó fi ọjọ́, orúkọ rẹ̀ lódindi, ìbuwọ́lùwé àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i síbẹ̀. Ti ìwé ìwọ̀lú Amẹ́ríkà náà ń fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí pé ẹ gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa. Èyí mú nǹkan kan wá tí ẹ kò béèrè. Ìyàwó ilé wọn ni yín. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kò fẹ́ ìtumọ̀ tó ti ọwọ́ mọ̀lẹ́bí wá, bó ti wù kó péye tó. Ẹ jẹ́ kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó jókòó tì í. Bí wọn kò bá gbà, ẹ ṣe é tán, kí ẹ wá fún ògbufọ̀ mìíràn kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì buwọ́ lù ú lórúkọ tirẹ̀.

Bí ẹ bá bá òǹtẹ̀ tí kò hàn tàbí ìkékúrú tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ẹ má fọkàn rò ó. Ẹ kọ "illegible" fún èyí tí kò hàn. Fún èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní kí àbúrò ọkọ yín pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò sí akọ̀wé CEG tí kò mọ ohun tí òun tẹ̀ sórí ìwé. Ní ti CEP yẹn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ fẹ́ rí i. Licence àti ìwé máàkì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún Master, nígbà mìíràn pẹ̀lú BAC. Bí wọn kò bá béèrè CEP, ẹ dá a padà fún un kó lọ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì lo àsìkò yẹn fún ìwé máàkì yunifásítì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.